Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó yà á

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé (architecture) ní stúdíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ní kẹ́yin ti 300 level bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé ará ìlú, ìyẹn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò, àwọn kan gba láíbírì, àwọn kan gba kọ́ọ̀tù, àwọn kan gba hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ẹnì kan tiẹ̀ pè mí láàárọ̀ àná pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá facade tó máa gbóná". Facade kẹ̀, ìyẹn iwájú ilé? O ò tíì mọ ẹni tó máa wọnú ilé, o ti ń wá ojú tó máa fi rẹ́rìn-ín sí títì. Mi ò bú u ṣá, torí ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ yìí kó má bàa jẹ́ pé gbogbo wa la máa náwó print lórí àṣìṣe kan náà.

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni wọ́n fún èmi, sáìtì ẹ̀ wà ní Èbúté-Mẹ́ta. Mo ti wo Pinterest tí ojú mi fi ń ta, mo ya átríọ̀mù ńlá kan sáàárín, ìyẹn gbọ̀ngàn gíga tí ìmọ́lẹ̀ ń gba òkè wọ̀, mo fi gíláàsì ṣe òrùlé ẹ̀, mo to àga sínú ẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ WAITING AREA sí i gàdàgbà. Mo wá ṣe render, àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń fi bí ilé ṣe máa rí hàn, ti alẹ́ tí iná ń tàn yòò níbi gbogbo, NEPA ti ìlú wo nìyẹn, ẹ má bi mí. Ọ̀kan nínú àwọn lecturer wa, bàbá kan tí kì í pariwo, wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní "Ta ló máa jókòó síbí?" Mo ní àwọn aláìsàn ni sà. Ó ní "O ti rí wọn rí?" Mo dákẹ́. Ó ní kí n wá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà èyíkéyìí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kí n ti dé ibẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, kí n jókòó títí wọ́n á fi ti géètì, kí n má mú kámẹ́rà dání, ìwé àti bíró ti tó.

Inú bí mi o. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí átríọ̀mù yẹn. Mo lọ ṣá.

Mo dé ibẹ̀ nígbà tí aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo rò pé èmi lẹni àkọ́kọ́, àwọn ìyá ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún níwájú géètì. Wọ́n ṣí géètì, nọ́ọ̀sì gbé tábìlì kan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú lọ fi káàdì ọmọ ẹ̀ lé e, ọ̀kan lórí èkejì, ni gbogbo wọn bá tú ká. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń padà sílé ni, àṣé káàdì ló ń bá wọn tò. Àwọn kan lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan tẹ́ ìró sílẹ̀ ó tẹ́ ọmọ lé e, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ òun mọ́ínmọ́ín ti gbé igbá sọ̀ ní tiẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ìjókòó wà níbẹ̀ o, bẹ́ńṣì wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ àfi bàbá àgbàlagbà kan tó ń sùn. Mo wọlé lọ wò ó. Ooru kọlù mí bí ẹni ṣí ìkòkò àmàlà. Páànù lókè, sílíìnì ti já lápá kan, fèrèsé méjì kékeré, ẹ̀gbẹ́ kan náà làwọn méjèèjì wà, afẹ́fẹ́ á wọlé kò ní rọ́nà jáde, fáànù wà lókè bí ẹyẹ tó kú.

Àmọ́ ooru nìkan kọ́ o. Orúkọ ló ṣí mi lójú. Nọ́ọ̀sì á mú káàdì, á pe orúkọ láti ibi tábìlì, ẹni tó wà lábẹ́ igi á gbọ́ kedere, á gbọ́mọ pọ̀n, á dìde. Ẹni tó bá wà nínú gbọ̀ngàn ò lè gbọ́ nǹkan kan tó yé e, ohùn á lọ bá ògiri, á bá táìlì, á padà, ọmọ méjì ń ké, Sàkírátù á di Ṣẹ̀rífátù. Mo bi ìyá kan tó jókòó lórí àtẹ̀gùn pé mọ̀mí, ẹ ò ṣe wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì? Ó ní "Kí wọ́n pè mí kọjá? Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò gbọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti káàdì mi sí, màá tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀." Mo rántí átríọ̀mù mi, gíláàsì lókè, táìlì nílẹ̀, ògiri líle yíká, mítà mẹ́sàn-án sókè. Ká ní wọ́n kọ́ ọ ni, nọ́ọ̀sì yẹn á máa pe orúkọ bí ẹni tó ń pariwo sínú kànga.

Nǹkan tí mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀ nìyẹn, òun náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé: ilé ará ìlú lÉkòó níbí, ilé ìdúró ni. Kọ́ọ̀tù ni o, ibi tí wọ́n ti ń gba NIN ni o, ọsibítù jẹ́nẹ́rà ni o, ibùdókọ̀ BRT ni o. Dókítà á rí ẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, o ti dúró fún wákàtí mẹ́rin. Àwa wá máa ń ya ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn dáadáa, pẹ̀lú ibùsùn, pẹ̀lú síńkì, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ń fi aṣọ funfun dókítà kọ́, wákàtí mẹ́rin yòókù, ibi tó bá ṣẹ́ kù lórí plan la fi ń dá a lóhùn.

Ẹ lọ wo National Theatre ní Igánmú, èyí tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti 2024. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣí i, nítorí FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ilé kan ní Varna lórílẹ̀-èdè Bulgaria ni wọ́n wò kọ́ ọ, gbọ̀ngàn ńlá inú ẹ̀ gba èèyàn 5,000. Ilé ńlá gidi ni, èmi fẹ́ràn fìlà ṣọ́jà tó dé yẹn, ẹnu kí ẹni tó bá fẹ́ sọ máa sọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi àwọn òṣèré ìgbà yẹn pé níbo lẹ ti ń pàdé, níbo lẹ ti ń jẹ tẹ́ ẹ ti ń mu, níbo lẹ ti ń jà lórí eré tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, wọn ò ní dárúkọ gbọ̀ngàn kankan, Abẹ́ Igi ni wọ́n máa sọ. Igi àti bẹ́ńṣì. Kẹ́ ẹ tún wá gba Broad Street kọjá lọ sí Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, Theo Lawson ló tún un yà, wọ́n ṣí i ní 2010, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn nígbà náà làwọn olórin ń dúró sí kọrin báyìí. Ẹ jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ ka iye èèyàn tó wà lábẹ́ ibòòji àti iye tó wà nínú oòrùn. Iṣẹ́ kékeré ni, ó ju àwòrán Pinterest igba lọ.

Ọ̀rọ̀ oòrùn, mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yín. Èkó wà ní bíi 6.5 dìgírì sókè ilà agbedeméjì ayé, oòrùn á wà lápá gúúsù fún ọ̀pọ̀ oṣù, á tún kọjá sápá àríwá, àmọ́ ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń pani, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń yọjú wọlé, kò sí bí òrùlé ṣe lè gùn tó tó máa dí i tán. Ẹ jẹ́ kí ìhà gígùn ilé yín kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ẹ tún mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wa láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń wá, òjò náà sì ń bá a wá láti ibẹ̀, nítorí náà fáńsì búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù oníhò tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé ará Gẹ̀ẹ́sì, náà lo irú ẹ̀ káàkiri Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ fa òrùlé síwájú ẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé á máa mu omi. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán-ilé ní 2022, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ sí abúlé ẹ̀ ní Gando ní 2001, páànù náà ló fi bò ó o, páànù tí gbogbo wa ń sá fún. Ó kàn gbé e jìnnà sí sílíìnì, ó fi àlàfo sílẹ̀, ooru ń gba àárín jáde. Ó tán.

Ilé kan wà ní Mainland níbí tí mi ò ní dárúkọ, mo bá ọ̀gá mi dé ibẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níta. Gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn gbọnrangandan, fèrèsé ẹ̀ kì í ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù (AC) ni wọ́n gbójú lé. Jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì, owó dísẹ́ẹ̀lì ò wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi páálí ìwé A4 lẹ gbogbo gíláàsì, wọ́n fi òkúta há ẹnu ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé, akọ̀wé àgbà ibẹ̀ ti gbé tábìlì ẹ̀ jáde sí kọ́rídọ̀. Ẹ̀rín pa mí, ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti jury mi, ọjọ́ tí àwọn àgbà wá yẹ iṣẹ́ mi wò, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ti yí iṣẹ́ náà padà nígbà yẹn, mo ti ju átríọ̀mù nù, mo ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó yí igi ká, inú mi ń dùn. Sáìtì mi yẹn ń kún fún omi lásìkò òjò, mo bá gbé ilẹ̀ ilé sókè sí 900 mílímítà, àtẹ̀gùn mẹ́fà, 150 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ràǹpù, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà, mítà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ torí mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè. Ìyá kan nínú àwọn tó wá ṣe jury yọ rúlà, ó wọ̀n ọ́n, ó ní "Ọmọ mi, ewúrẹ́ lo ya èyí fún?" Gbogbo stúdíò bú sẹ́rìn-ín. Ìṣirò ẹ̀ ò le: tó bá gòkè mítà kan, ó gbọ́dọ̀ fi mítà 12 rìn. 900 mílímítà á gba mítà 10.8, landing, ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n ti ń sinmi, ò tíì sí nínú ẹ̀. Mítà mẹ́ta tèmi, tí wọ́n bá ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ gùn ún, ó máa ṣubú sẹ́yìn ni. Òfin sì wà nílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu ti àwọn tó ní ìpèníjà ara ní January 2019, wọ́n fún àwọn ilé ará ìlú lọ́dún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé ní 2024, Èkó tiẹ̀ ti ní tiẹ̀ láti 2011. Ẹ má fi ràǹpù ṣe ohun tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ilé lálẹ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ fún jury. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà. Nígbà tí mo tún tèmi ṣe, mo sọ ọ́ di ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé, ó rọra yí igi ká, ògiri kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ga tó ohun tí ìyá ọmọ lè jókòó lé.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Mo ya ẹnu ọ̀nà mẹ́rin, mo ní nítorí iná, mo rò pé mo gbọ́n. Bàbá géètì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí mo lọ yẹn ló là mí lóye, ó ní "Èmi nìkan ni mo wà níbí, ojú mélòó ni mo ní?" Gbogbo ilẹ̀kùn tí kò bá lè rí láti orí àga ẹ̀, àgádágodo ló máa kàn án, bóyá o kọ EXIT sí i tàbí o ò kọ ọ́. Mo din mẹ́rin kù sí méjì, ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjèèjì ń ṣí síta, èèyàn lè fi ara tì wọ́n láti inú láìwá kọ́kọ́rọ́, méjèèjì sì wà níbi tójú nọ́ọ̀sì tàbí ojú bàbá yẹn tó. Bákan náà ni nǹkan tó bá máa nílò àtúnṣe lóṣooṣù, ẹ bi ara yín pé ta ló máa tún un ṣe, ta ló máa sanwó. Ilé ẹ̀kọ́ tó léfòó ní Mákòkó, Kunlé Adéyẹmí ló yà á, gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹ̀ ní 2013, òjò ńlá kan wó o ní June 2016. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò nínú ẹ̀ ṣáájú.

Máàkì 62 ni wọ́n fún mi. Mo ṣe àdàkọ plan náà, mo gbé e padà lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tí tábìlì òun wà, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá fìka tọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí mo yà fáwọn obìnrin, èyí tí mo fi ń yangàn pé ó ju tọkùnrin lọ. Ó ní "Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́, ọwọ́ ta ló máa wà?" Mo ní ṣé wọ́n máa tì í ni mà? Ó wò mí bí ẹni wo àlejò, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde tí wọ́n so mọ́ ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó ní àwọn ni wọ́n ń gbé omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, táwọn bá ṣí i sílẹ̀, àwọn ará ìta á ti lò ó bàjẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Mo yọ pẹ́ńsù, mo fa ìlà láti tábìlì ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì lórí plan mi, mo wọ̀n ọ́n. Mítà 31, kọ̀rọ̀ méjì. Mo yá iréṣà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.