Kí ẹ tó ra tọ́bò tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo róbà fákúùmù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́ nǹkan tójú mi rí. Ọkọ̀ mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí mo bá tẹná níbi RPM 1,500 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn nídìí, ò ní fà rárá, tó bá wá dé bíi 2,500 á ta gìjà bíi pé ẹnì kan tì í látẹ̀yìn. Tó bá wá jẹ́ òkè ni mo fẹ́ gùn, àfi jíà kìíní.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún yí fíltà epo, kò yí nǹkan kan padà, ló bá ní tọ́bò ti kú. Mo gbà á gbọ́, mo yáwó kún tọwọ́ mi, wọ́n gbé òmíì sí i. Mo jáde níbẹ̀, mo tẹná, bákan náà ló ṣì ń ṣe! Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá àgbà kan ni mo wá gbé e lọ bá. Kò tiẹ̀ mú spánà rárá. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun ṣíná ọkọ̀, ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò hàn mí. "Ọmọ mi, wò ó, ó yẹ kí fákúùmù, ìyẹn agbára tó ń fa afẹ́fẹ́, fa irin yìí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ṣí, kó sì tú u sílẹ̀ tá a bá pa á." Irin ò mira.

Ó ní àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké wà nínú tọ́bò irú tèmi, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ wọ́n máa ń sún mọ́ra kí èéfín lè gba ojú tóóró kọjá, kó sì lágbára láti yí tọ́bò. Tí fákúùmù ò bá débẹ̀, wọ́n á ṣí sílẹ̀ gbagada, ìyẹn ni ò ṣe sí agbára nísàlẹ̀, àfi tí eré bá pọ̀ téèfín náà sì pọ̀.

Bàbá wá fọwọ́ tẹ̀ lé róbà fákúùmù, róbà tí ò nípọn tó ọmọńdinrín o, títí dé ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ nítòsí ibi gbígbóná. Òkè ẹ̀ ń dán. Ó yí abẹ́ ẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó là bí ẹnu ẹja. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣíná, irin fà wọlé wìì.

Tí irin tiyín bá ń mì dáadáa àmọ́ tí ọkọ̀ ń tú èéfín dúdú, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ fùùù tẹ́ ẹ bá tẹná, ẹ yẹ róbà ńlá tó lọ sí intercooler (ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ti tọ́bò wá tutù) wò, ibi tó bá ti ya sábà máa ń ní ọ́ìlì lára. EGR (fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì) tó há ní ṣíṣí náà máa ń fa èéfín dúdú, torí èéfín ló ń gba àyè afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní skáánà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀), ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ MAP, èyí tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ kà tó bíi 100 kPa létí òkun, tó bá jìnnà sí i, sẹ́ńsọ̀ yẹn ń parọ́. Tọ́bò tó jẹ́ pé mọ́tò oníná ló ń fa irin ẹ̀ ò ní róbà yìí o, skáánà ni kẹ́ ẹ gbára lé. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Tọ́bò tí wọ́n yọ ṣì wà nílé mi. Mo fìka yí i lánàá, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.