Kóńgò mi àti Kristi Ọba

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, a ò jìnnà sí ààfin Déjì rárá, torí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní ohun tí ọba jẹ́. Tí ààfin bá ti ní ọjà ò ní ná torí ọdún ìbílẹ̀ Aheregbe, a lè máa kùn lábẹ́lẹ̀ o, èmi gan-an máa ń kùn, àmọ́ a ó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Àwa Kátólíìkì náà wá ní ọdún Kristi Ọba, Sọ́ńdè tó kẹ́yìn kí Àdífẹ́ńtì, ìyẹn àkókò tí a fi ń múra sílẹ̀ de Kérésì, tó wọlé. Póòpù Pius kọkànlá ló dá a sílẹ̀ ní 1925, ogun àgbáyé kìíní ò tíì pẹ́ tó parí nígbà yẹn, ìjọba àwọn ọba ńláńlá ní Yúróòpù ti wó, àwọn olóṣèlú míì sì ń fẹ́ kí aráàlú máa sin àwọn bí ẹní sin Ọlọ́run, òun ló ṣe ní ká rántí ẹni tó jọba lórí gbogbo wọn. October ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 1969 ni wọ́n tó sún un síbi tó wà báyìí.

Lọ́dún tó kọjá a ṣe ìwọ́de, Fada gbé Sákíráméńtì Mímọ́, ìyẹn búrẹ́dì tí àwa Kátólíìkì gbà pé ó ti di ara Jésù, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè mọ́ wa, èmi nínú aṣọ funfun, mo kúnlẹ̀ lórí kọ́tà, mo kọrin títí ohùn mi fi há.

Ó wá di Mọ́ńdè.

Kóńgò tí mo fi ń wọn ẹ̀wà nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá wò ó lóde ẹ ò ní rí nǹkan kan, àmọ́ mo ti ní kí wẹ́dà kan bá mi fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú. Màá wá gbé òkìtì lé e lórí kí oníbàárà lè rò wípé mo lawọ́. Mo sì ní àwáwí o: owó mọ́tò ti wọ́n, ṣé èmi nìkan ni mò ń ṣe é ni?

Ìyá àgbà kan wá ra kóńgò méjì. Kò bá mi jà. Ó kàn da ẹ̀wà náà padà sínú bàsíà, ó ki ọwọ́ bọ kóńgò, ó fi ìka tẹ ìdí ẹ̀, ó wá wò mí lójú.

"Ṣé ìwọ kọ́ lò ń kọrin lójú ọ̀nà Adésídà lánàá?"

Mo ní èmi ni mà. Ó ní "o ṣeun", ó bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi.

Jésù ti bèèrè ẹ̀ nínú Lúùkù orí 6, kí ló dé tí ẹ ń pè mí ní Olúwa, Olúwa, tí ẹ ò ṣe ohun tí mo wí? Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ yẹn àìmọye ìgbà, kò tíì dùn mí tó ìka ìyá yẹn.

Mo ra kóńgò tuntun, ìdí ẹ̀ pé pérépéré, mo ń wọ̀n ọ́n dọ́gba, mi ò gbé òkìtì lé e mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun táwọn oníbàárà wá ń sọ? Wọ́n ní mo ti di ahun! Ọ̀kan tiẹ̀ ní ṣé torí mo ti lówó ni.

Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, òun ni mo fi ń bu omi fáwọn adìẹ. Ìyá yẹn ò tíì padà wá o.