Ọwọ́ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́, Lẹ́tà Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí àwọn òbí ń pè wálé láti wá kọ́ ọmọ wọn ní ìkọ̀wé àsopọ̀, èyí tí lẹ́tà ti ń so mọ́ra, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ìgbà wo lọ́wọ́ rẹ̀ máa dára?" Ẹ má dá ọjọ́ fún wọn. Ìrìn ọwọ́ lẹ ń kọ́ ọmọ. Bí ìrìn bá gún, ẹwà á wá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Àwọn lẹ́tà tí ìrìn wọn bára mu ni mo máa ń kó pọ̀. Bákan náà ni a, d, g àti o ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ á gbéra lókè, á yí sí òsì, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè padà. Ọmọ tó bá mọ a kọ dáadáa ti mọ ìdajì d àti g. Ẹ kó i, t, u sọ́tọ̀, l, h, k, b sọ́tọ̀, n, m, r, p sọ́tọ̀. Ṣọ́ọ̀kì àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì dára fún èyí ju pẹ́ńsù lọ, torí apá á máa rìn láti èjìká.

Ìsopọ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ mú "ilé" àti "owó". Nínú "ilé", orí ìlà ni i parí sí, ibẹ̀ náà ni l ti gbéra, ibẹ̀ ló padà sí, ibẹ̀ ni e sì ti gbà á. Ó tán. Ṣùgbọ́n òkè ni o parí sí, òkè ni w náà parí sí, ọwọ́ ò sì gbọdọ̀ kan ìlà kó tó bọ́ sórí lẹ́tà tó kàn. Bí ẹ ò bá fi èyí hàn ọmọ, á fa ìrù o wá sílẹ̀, o á di a mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí náà, "ilé", "ìlú", "etí" ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Kí "owó", "orí" àti "ọwọ́" dúró dìgbà tí ìsopọ̀ ìsàlẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára.

Àmì ńkọ́? Kó kọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ kó tó gbé pẹ́ńsù kúrò lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni á padà sí òsì, á dábùú t, á fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ, ṣ, á wá fi àmì ohùn sórí. Ìwé àpẹẹrẹ tó ti òkè òkun wá ò ní kọ́ yín ní èyí. Àyè ìlà rẹ̀ náà kì í sábà tó: ìrù g tòkè á gún ohùn tìsàlẹ̀ lójú. Ẹ fúnra yín fa ìlà tó fẹ̀.

Bọ́mọ bá jẹ́ alọ́wọ́-òsì, ẹ má gba pẹ́ńsù sí ọ̀tún fún un. A kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe àgbà. Ẹ yí orí ìwé rẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, kó di pẹ́ńsù mú jìnnà sẹ́nu, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ ìlà, kó má baà máa nu ohun tó kọ tán.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti pa iṣẹ́ yìí. Ní Kalifọ́níà tí Google fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n ṣòfin ní 2023 pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ìkọ̀wé àsopọ̀ láàárín kíláàsì 1 sí 6. Àwọn ilé kéwú tiwa, níbi tí lẹ́tà Lárúbáwá ti ń so mọ́ra, ò tilẹ̀ fi í sílẹ̀ rí. Ọmọ á kọ wàláà kún, á fọ̀ ọ́, á tún kọ ọ́. Mo fẹ́ràn fífọ̀ yẹn: kò sẹ́ni tó ń ka àṣìṣe àná.

Ìkọ̀wé ọnà, ìyẹn kíkọ lẹ́tà bí ẹni ń yàwòrán, la fi ń parí. Ẹ fi rọ́bà so pẹ́ńsù méjì pọ̀, kí ọmọ má yí i bó ṣe ń kọ o ńlá kan. Á rí i pé ìlà méjèèjì jìnnà síra níbì kan, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé níbòmíràn. Bí gègé ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìdagun rẹ̀ ló ń mú ìlà nípọn, kì í ṣe agbára. Ti ẹlẹ́nu ṣóńṣó yàtọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó bá ń sọ̀, ẹ dẹwọ́ bó bá ń gòkè. Bírò ò lè ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹ kàn sọ fún ìyá rẹ̀ kó wọ aṣọ ilé fún un lọ́jọ́ íńkì, kó sì ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀.