Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ ti máa ka wákàtí bàálù

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àbújá, mo ti ṣèlérí pé màá di ọwọ́ wọn mú kí wọ́n tó wọlé lọ. Aago 3 ọ̀sán ni iṣẹ́ abẹ náà. Bàálù tó ń gbéra láti Ìbàdàn ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, torí owó rẹ̀ fi díẹ̀ rọjú ju ti Ìlọrin lọ. Aago 10 sí 11 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé wákàtí kan péré ni, kí ló le níbẹ̀? Mo wọ mọ́tò ní Tákié ní aago 6 ààbọ̀.

Kí a tó dé Ọ̀yọ́, ọkọ̀ ajàgbé kan ti dábùú ọ̀nà. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Nígbà tí mo fi máa dé Alákìá, níbi tí pápákọ̀ Ìbàdàn wà, wọ́n ti pa káńtà dé. Bàálù ṣì wà nílẹ̀, mò ń fojú ara mi wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi pè: “Àbúrò, o ti dé ibo?” N kò rí èsì fọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara wọn ti yá, ṣùgbọ́n ìpè yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti fara balẹ̀ ṣèṣirò. Tí ẹ bá fa okùn gbọọrọ láti pápákọ̀ Ìlọrin sí ti Àbújá, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Láti Ìbàdàn, nǹkan bíi 400 ni. Bàálù ńlá tó bá ti dé òkè lè sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan, nítorí náà 100 tó lé yẹn kò ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ìgbà tó ń gba bàálù láti gun òkè, láti sọ̀kalẹ̀, àti láti yí nílẹ̀ kó tó gbéra, kò yàtọ̀ níbi méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì.

Orí ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin kò ju nǹkan bíi kìlómítà 55 lọ, apá ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ sì ni pápákọ̀ wà. Ti Ìbàdàn lé ní 100, ẹ ṣì máa la Òjóò àti Ìwó Road kọjá. (Orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ wa, ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i, àmọ́ òun ló jìnnà sí wa.) Owó tí mo rò pé mo fi ṣèrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà ló gbà á padà.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi bàálù àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an sí ìpàdé tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Eruku máa ń bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ òfurufú ò ní rí ilẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì jókòó dúró dè é. Ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Kódà tí ẹ bá balẹ̀ ní Àbújá, ó ṣì ku nǹkan bíi kìlómítà 40 kí ẹ tó wọ àárín ìlú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ padà lọ fún àyẹ̀wò, Ìlọrin ni mo gbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo sì dé ilé wọn. Àwọn fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ní, “O mà tètè dé.”