Ẹ̀jẹ̀ Tuntun, Ọpọlọ Àná

Bí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò lè bá àrùn jà látìgbà tí wọ́n ti bí i, tí àìsàn ò sì kọlù ú lemọ́lemọ́ mọ́, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò pààrọ̀ ọpọlọ. Láti 1968 tí irú ìtọ́jú yìí ti kọ́kọ́ yọrí ní Minnesota, àwọn ọmọ tó gbà á ti di àgbà. Ara wọn la ti rí i.

Ẹ wo àrùn Chediak-Higashi, àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà dáadáa. Ìtọ́jú náà ń ká àkóràn lápá kò, àmọ́ tí ọmọ bá di géńdé, iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè máa kú díẹ̀díẹ̀: sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀. Inú iṣan gan-an ni àbùkù yẹn wà, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ò ràn án. Ní ti àwọn tí wọ́n bí láìní èròjà ADA, èyí tó ń bá ara palẹ̀ ẹ̀gbin inú sẹ́ẹ̀lì mọ́, etí ló sábà máa ń jìyà, ìwà náà sì lè yí. Ẹ yẹ etí wò ṣáájú ìtọ́jú, kí ẹ tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Gentamicin, oògùn apakòkòrò, pàápàá lè di etí.

Oògùn ní tiẹ̀ ń ṣe ọpọlọ níbi. Busulfan, tí wọ́n fi ń pa mùdùnmúdùn eegun àtijọ́ kí tuntun tó wọlé, lè fa gìrì. Ìdí nìyẹn tí oògùn gìrì fi ń ṣíwájú rẹ̀. Tacrolimus, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá ara ọmọ jà, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń fa magnesium wálẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí ojú rẹ̀ ṣú, tàbí tí gìrì gbé e, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀la. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ pé oògùn ló fà á, ìṣòro náà sábà máa ń lọ.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Ẹni tó gbéra láti Ọ̀fà wá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní Ìlọrin, kí wọ́n lè wọn tacrolimus inú rẹ̀, á ti fún ọmọ ní tacrolimus àárọ̀ kó tó wọkọ̀. Ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ á wá ga lásán, dókítà á dín in kù níbi tí kò yẹ. Ẹ fi tacrolimus àárọ̀ sínú báàgì. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tán lẹ ó fún un. Erythromycin (oògùn apakòkòrò) àti fluconazole (oògùn olú ara) tí ẹ rà ní kẹ́místì náà ń gbé ìwọ̀n tacrolimus sókè, rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń fà á wálẹ̀.

Nílé kéwú, ojúgbà ọmọ tó gba ìtọ́jú yìí á ti fọ wàláà tirẹ̀, òun ṣì wà ní ìlà kejì. Ó mọ̀ ọ́n. Ọpọlọ ló ń falẹ̀. Ẹ sọ fún Alfa kó má nà án, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ òye rẹ̀ wò kó tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.