Ẹ̀kọ́ tí odò ìgbà òtútù kọ́ mi: sí ẹ̀yin àbúrò mi ní Ìlọrin

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó jọ láti ra kayak méjì, ọkọ̀ tóóró tí à ń fi àjẹ̀ wà, tí ẹ ó máa wà lórí omi dáàmù Asà. Inú mi dùn sí i. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, odò Ọ̀yun ni mo ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, lọ́dún tí mo lọ ka másítà, tí mo sì wọ ẹgbẹ́ awakọ̀ odò iléèwé wa.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà òtútù gan-an ni wọ́n ń lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọyẹ́ bá ti dé, odò a fà, òkúta a yọrí. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀: òjò ìgbà òtútù ló ń kún odò wọn. Odò Dart ní Devon, láti Oṣù Kẹwàá títí dé ìparí Oṣù Kẹta ni àwọn awakọ̀ ń wọ apá òkè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí tèmi. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ká má wọ aṣọ òwú sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, torí bí òwú bá ti mu omi, kò lè mú ara móoru mọ́. Irun àgùntàn ni ká wọ̀. Oòrùn yọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi náà wo ojú ọ̀run, mo wọ bùbá òwú mi. Mi ò rántí pé omi ni mò ń múra dè.

Kò ju kọ́nà kejì lọ tí ọkọ̀ fi dojú dé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ òtútù torí ẹ fi omi inú àmù wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láyà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí orí ẹni bá wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn, omi ló máa fà símú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ní Kánádà ló sọ òǹkà kan di mímọ̀ fún irú omi bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú 1 láti kápá èémí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì gbọ́ràn, nǹkan bí wákàtí 1 kéèyàn tó dákú. Ẹni tó bá já sómi, kó di nǹkan mú, kó mí ná.

Wọ́n fà mí jáde. Ọmọbìnrin tó ń ṣíwájú wa bi mí bí ara ṣe rí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo ṣe bí ẹni pé òtútù ló kù tí mo fẹ́ dá. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín ọwọ́ kan náà. Mo ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ẹlòmíràn: àtàǹpàkò dé àárín àtẹ́lẹwọ́, ó dúró síbẹ̀. Ni wọ́n bá bọ́ aṣọ tútù lára mi, wọ́n wọ gbígbẹ fún mi, wọ́n dé mi ní fìlà onírun, wọ́n fún mi ní tíì tó dùn bí oyin. Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbé ọkọ̀ lérí, a gba inú igbó jáde. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́, nígbà tí omi tó ń ta sí mi ti rin bùbá, fìlà nìkan ì bá tó.

Omi Asà kò tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lára ẹni tó ti rin gbingbin ni kí ẹ ṣọ́ra fún, àti kùrukùru tí kì í jẹ́ kéèyàn rí etídò. Bí ẹ bá wá lọ sí Ọ̀yun lásìkò òjò, igi tó wó sódò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Asẹ́ ni: omi á kọjá bí omi ògì, èèyàn á há bí èèrí. Ẹ ní okùn tó tó mítà 15 tí ẹ ó máa jù fún ẹni tó bá wà lómi, ẹ fi dánra wò lórí ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì so ó mọ́ ìdí.

Nítorí náà, bí owó bá tó kayak méjì, ẹ ra ẹyọ kan ná, kí ẹ fi ìyókù ra okùn àti ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó. Èmi ó mú fìlà onírun wá. Ti ọmọbìnrin yẹn ni; mi ò dá a padà títí mo fi wá sílé.