Bàbá Ulé

Ní ìparí ọdún, mo máa ń jókòó kọ àyẹ̀wò ọdún, mo sì máa ń tò ó láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Lọ́dún yìí, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, mo ka ohun tí mo kọ ní oṣù Ẹrẹ́nà, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Mo tún òrùlé ṣe. Mo lọ ìpàdé àwọn olùkọ́. Mo ra ajílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ nínú ọdún 2025, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 26 oṣù Ògún.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ látẹ̀yìn mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kó ẹrù jáde. Ó ti pé mọ́kànlá báyìí.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un wá láti Èkó. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti dé gáréèjì ní Adó, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé ọkọ̀ tó máa gba Ìbàdàn, Iléṣà àti Ìtawùré kọjá kò lè dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sísun dè é, mo kó o sápò aṣọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ọkọ̀ wọn wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku yẹn, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.”

Tíṣà ni mí. Àìmọye ọmọ ló ń pè mí ní sà lójoojúmọ́. Bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn náà ni mo ṣe dá a lóhùn: “Pẹ̀lẹ́, dìde.” Mo wá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Kí àǹtí rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ padà, ó fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni, mo mọ bó ṣe ń kọ lẹ́tà g rẹ̀. Ìlà méje ni. Kì í jẹ ẹ̀pà, ara rẹ̀ máa ń wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì máa ń dí. Kì í sùn nínú òkùnkùn. Bí inú bá ń bí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀, á wá fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní inú ń run òun lálẹ́ Sunday, ẹ̀rù ló ń bà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà lọ.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní ṣé ọmọ mi ni wọ́n wá ń júwe fún mi bí ẹni júwe oògùn. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, láti Ìwòròkó dé Ìfàkì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò sì rí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀ tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀pà yẹn ṣì wà lápò mi. Nígbà tí a dúró l'Ọ́yẹ̀ẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fún awakọ̀ ní gbogbo rẹ̀, mo lọ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó padà jókòó ti ọmọ náà. Ó ń wo ìta. Kò bi mí ní nǹkan kan títí a fi dé Ìkọ̀lé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ. Mo gbé àtùpà síbi ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì gbé àga tì í. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Sà, ẹ ò lọ sùn?” Mo ní oorun ò tíì kùn mí. Nígbà tí ojú mọ́, orí àga ló ti bá mi, ó sì ti fi aṣọ ìbora rẹ̀ bò mí lẹ́sẹ̀.

Yèyé ló là á já fún wa. Ẹ mọ Yèyé, àgbà ìdílé wa. Bí a ṣe wọlé tọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹta, kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó di ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ó ń kì í lọ, ó sì ń da gbogbo ìran wa lé e lórí. Ọmọ náà wẹ̀yìn, ó wò mí, ó ní, “Ta ni Àbẹ̀kẹ́?” Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ pé òun ní oríkì, èmi ni mo sì yẹ kí n ti máa fi pè é láti àárọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé Yèyé ló ń jí lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ń sọ Èkìtì mọ́ mi lára: ulé ló ń pe ilé, ugi ló ń pe igi. Bí mo bá pè é kó wá, á ní òun ń bọ̀ ní ulé.

Iṣu tuntun ti dé ọjà nígbà yẹn. Yèyé fún un ní ọmọ odó kékeré tí èmi fúnra mi fi kọ́ iyán gígún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ti dán bíi gíláàsì, ìdí rẹ̀ sì ti sán. Àbẹ̀kẹ́ gbé e sókè gan-an, ó là á mọ́ iṣu náà bí ẹni ń pa ejò, iṣu gbóná fò jáde, ó lẹ̀ mọ́ etí odó. Yèyé bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ọmọ náà. Ó ní kó kọ́kọ́ fọ́ ọ, kó má tíì gún un, kó máa tẹ̀ ẹ́ títí kókó á fi tán. Nígbà tí kókó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, Yèyé ń wọ́n omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Ohùn odó yí padà. Ó ti ń dún gbẹ tẹ́lẹ̀, ó wá ń dún rọ̀, ó ń fa mọ́ ọmọ odó. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó dúró, ó gbójú sókè wò mí, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, kó tó rántí pé òun kì í rẹ́rìn-ín sí mi. Ní ọjọ́ kejì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wú. Ó ń ṣí i han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́. A ti jẹun tán, Yèyé ń já ẹ̀fọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Ó ní, “Dádì ni mo ń pe ọkọ Mọ́mì. Bí mo bá pe ẹ̀yin náà ní Dádì, ó máa dùn ún.” Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ tó ti dé, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Mo sì tún fi kún un pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, nítorí ẹni tí ọmọdé ń ṣọ́ra kó má bàa dùn ún, ó ti ṣe dáadáa fún un. Ó ṣòro láti sọ. Òótọ́ ni.

Yèyé kò dá sí i. Ẹ̀fọ́ ló ń já.

Ní àárọ̀, mo wà lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ ohùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Bàbá Ulé! Yèyé ní kẹ́ ẹ wá jẹun.” Mo bi Yèyé lẹ́yìn náà bóyá òun ló kọ́ ọ. Ó búra pé òun kọ́. Ọmọ náà ló dá a rò fúnra rẹ̀.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ Ìkọgòsì. A jí kúrò n'Íkọ̀lé kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Adó, Ìlawè àti Ìgbàrà-Odò. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ó ki èkejì bọ omi tútù, ó dúró bẹ́ẹ̀ níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Mo sọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ fún un, ti ìyàwó méjì ọdẹ kan, ọ̀kan onínúfùfù, ọ̀kan oníwà tútù, tí wọ́n di omi. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Ọkọ wọn ńkọ́? Kí ló ṣe?”

Mi ò mọ èsì. Nínú ọkọ̀ bí a ti ń bọ̀, ó wá béèrè èyí tó fẹ́ béèrè gan-an: kí ló dé tí mi ò wá rí.

Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ tó tú wa ká sọ pé kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó sì máa lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ọdún méje ni mo fi ń gbé ìwé yẹn kiri, tí mò ń wí fún àwọn èèyàn pé wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ mi dù mí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003 tí mo máa ń tọ́ka sí, ire ọmọ ló fi síwájú, kì í ṣe ti bàbá. Ìgbà kan wà tí mi ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé owó oṣù ò jáde. Lóòótọ́ ni kò jáde déédéé, ṣùgbọ́n mi ò pa àjọ jẹ ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú wá ń tì mí láti lọ.

Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní ojú ló ń tì mí.

Ó ní, “Fún ọdún méje?”

Iṣu lọ́dún yìí dára púpọ̀. Èyí tí mo gbìn sí ọ̀nà odò ta ju ti èṣí lọ, mo sì fi méjìlá ránṣẹ́ sí Èkó nígbà tó ń lọ.

Yèyé sùn ní oṣù Bélú. Mi ò tíì lè kọ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, kò lè wá. Ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ń kí Yèyé ní èdè Yèyé, kò ṣi í sọ níbì kankan. Ọmọ odó kékeré yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Tirẹ̀ ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó nídìí tó fi lè bínú kọ̀, síbẹ̀ ó gbà, ó tún jókòó kọ ìlà méje sílẹ̀ kí ọmọ má bàa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Inú Bíbélì mi ni ìwé náà wà. Mo ti kọ tèmi sí ẹ̀yìn rẹ̀: ó fẹ́ràn iyán tó bá kù di àárọ̀. Ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́. Kì í gbàgbé ohun tó bá béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n, mo béèrè bóyá ó lè wá nígbà Àjíǹde. Ìyá rẹ̀ ní a máa wò ó. Mi ò tẹnu mọ́ ọn. Ẹ̀pà tí mo wà lẹ́yìn ilé ní oṣù tó lọ, mo ti tà á tán, mi ò fi irúgbìn kankan pamọ́.